Ọ̀dà Tuntun Lára Ilé Àlejò

Kánsù ló kọ́kọ́ kun ilé náà. Wọ́n yọ lọ́sàn-án gangan, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí ògiri iwájú, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn ò kí onílé, wọn ò bèèrè omi mu. Àjèjì á rò pé ọmọ iléèwé ló ń fi ògiri ṣeré. Àmọ́ ìlú kékeré ni, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ìlà pupa ń wí mọ́: katakata ń bọ̀ wá wó ilé yìí, nítorí títì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ mú fẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títì ọ̀hún ná, kí inú mi má bàa bẹ́. Wọ́n ní gbọọrọgbọ ló máa lọ. Lóòótọ́ ló sì ń lọ gbọọrọgbọ: ó gba orí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kọjá, ó gba àárín pálọ̀ opó kan tó ń ránṣọ kọjá, kò wẹ̀yìn. Ìgbà tó dé ibi ilé epo alága kánsù ló tó ṣẹ́ kọ́nà. Ó rọra yí ilé epo náà po tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò fọwọ́ kan òdòdó iwájú rẹ̀, kó tó padà sí gbọọrọgbọ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé títì náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Ó mọ ẹni tí wọ́n ń yà fún.

Ilé tí wọ́n fa ìlà sí yìí, ilé àlejò ni, òun nìkan sì ni ilé àlejò tó wà nílùú náà látìgbà tí ìlú ti ń jẹ́ ìlú. Ìyá Àlejò ni tọmọdé tàgbà ń pe ìyá tó ni ín. Opó ni. Ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti gbà á, ìyẹn náà sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Yàrá tó ń sùn, ibẹ̀ ló bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Kò níṣẹ́ míì, kò nílé míì, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí láàárọ̀ láìbi ẹnì kan léèrè pé ṣé ó sùn dáadáa.

Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, nítorí òfin kan wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó wà. Wọ́n ní ilé tó bá jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí gbígbó rẹ̀ sì hàn sójú lára ilé náà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o, títì ló máa yà fún un. Ọmọbìnrin Ìyá Àlejò, tó ń dáná fáwọn àlejò, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alásè, ló lọ bá àwọn ọ̀gá tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó bẹ̀ wọ́n, ó kúnlẹ̀, ó rojọ́ títí wọ́n fi ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí ilé náà. Òní ni wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbà pé ilé náà gbó lóòótọ́, ó yè nìyẹn. Bí wọn ò bá gbà, katakata di ọ̀la.

Ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n fẹ́ wá wò? Ilé tó gbó. Ohun tí Ìyá Àlejò gbé sọ́kàn ní tiẹ̀ ni pé àwọn ẹni ńlá ń bọ̀ wá kí òun, àlejò kankan ò sì gbọdọ̀ bá ìdọ̀tí nílé òun láéláé. Ó ti ta yẹtí wúrà rẹ̀ lánàá, ó fi ra adìẹ àti ọ̀dà, ó sì ránṣẹ́ sí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkùn. Akunlé ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi dé pẹ̀lú àkàbà, búrọ́ọ̀ṣì, àpò sìmẹ́ńtì àti ẹnu tí kò fìgbà kan sinmi rí.

Ìlà pupa kánsù ló kọ́kọ́ pa rẹ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, funfun yìí máa ń tètè dọ̀tí," ni Akunlé wí lórí àkàbà. "Ẹ jẹ́ ká lo àwọ̀ bọ́tà. Òun ni mo fi kun báńkì."

"Ṣé báńkì ni mo ní kó o kùn fún mi? Funfun ni mo fẹ́. Àlejò tó bá rí funfun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé kò sí ìdun nínú bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ ò mọ ohun tó ń lọ nígboro mọ́, Màámi. Funfun ti kọjá."

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo bí ẹ. Ìyẹn ò tíì kọjá. Kùn ún ní funfun!"

Alásè jáde láti ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Màámi, ta ló pa adìẹ tó ń yé?"

"Èmi ni."

"Adìẹ tó ń yé ẹyin tá à ń dín fáwọn àlejò láàárọ̀? Ẹ ti ra méjì lọ́jà lánàá!"

"Àwọn méjì yẹn ò sanra. Ṣé o fẹ́ kí ọ̀gá pátápátá máa wá ẹran káàkiri inú ọbẹ̀ mi ni? Ilé la fẹ́ gbà padà o, ìwọ ń sunkún ẹyin."

"Ẹ ṣáà ń ná gbogbo ohun tá a ní kí wọ́n tó dé!"

"Wò ó, má jẹ̀ẹ́ kí n bínú láàárọ̀ yìí o!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n jà lórí àwọ̀, wọ́n jà lórí adìẹ, wọ́n jà lórí ẹni tó gbé kànìnkànìn pamọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n jà lé lórí gan-an, ńṣe ni wọ́n para pọ̀ ṣe é tìfẹ́tìfẹ́.

Ilẹ̀kùn àbáwọlé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Igi líle ni, ó nípọn, ẹni tó kọ́kọ́ dá ilé àlejò náà sílẹ̀ sì ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó kọ́lé sí i lókè. Ẹṣin àwọn oníṣòwò ti ta á nípàá nísàlẹ̀ títí ibẹ̀ fi jinkòtò. Ó máa ń dún kíkankíkan bí wọ́n bá ṣí i, dídún ọ̀hún sì ti ń ti Ìyá Àlejò lójú látìgbà tó ti wọlé ọkọ. Akunlé gbé ilẹ̀kùn onírin kan dé, tó ń dán, tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Ó tú ilẹ̀kùn àtijọ́ sílẹ̀, ó fi àáké là á.

"Gbà, fi dáná," ó wí fún àbúrò rẹ̀.

Inú Alásè dùn, nítorí igi ìdáná rẹ̀ ti tutù, ìbínú adìẹ ò sì jẹ́ kó rántí ohun tó lọ sọ fáwọn ọ̀gá. Ilẹ̀kùn náà gbẹ dáadáa, ó jó geere, kò rú èéfín rárá. Gbogbo àdúgbò ló ń gbóòórùn adìẹ.

Lẹ́yìn náà ló kan ògiri pálọ̀. Ògiri yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn àlejò ti máa ń kọ nǹkan sí i, àwọn kan lo ìṣó, àwọn kan lo èédú. Oníyọ̀ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò dá òun dúró sílé yìí títí iyọ̀ òun fi yọ́ tán, òun sì ń lọ sílé lọ bá ìyàwó òun lọ́wọ́ òfìfo. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀dì yàrá ẹ̀yìn ń dún jù, ẹlòmíì sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ara ẹ̀ ló wúwo jù. Ọmọ ogun kan ya ojú ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀, ó ní bí òun bá ń bọ̀ lójú ogun, òun á ya tọmọ sí i. Ọdún tí odò kún wọlé, omi ti fi àmì sílẹ̀ káàkiri ògiri náà ní ọ̀gangan àyà àgbàlagbà, ẹnì kan tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn sì kọ ọ́ sókè àmì náà pé, "Mo ṣì ń san owó yàrá o!"

Gbogbo ìtàn ilé náà ló wà níbẹ̀. Lójú Ìyá Àlejò, ìranù àwọn aláìníojútì ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi kànìnkànìn fọ ògiri yẹn títí ó fi kú, kò mọ́. Òun náà fọ̀ ọ́ títí, kò mọ́. Òní ni Ọlọ́run dá a lóhùn.

Akunlé po sìmẹ́ńtì, ó fi rẹ́ ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oníyọ̀ lọ. Ẹni tára ẹ̀ wúwo lọ. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ ogun, Alásè yọjú, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ó rẹwà."

Ọwọ́ Akunlé dúró. Ó wo ìyá wọn.

"Kí lẹ̀ ń wò?" Ìyá Àlejò wí. "Ṣé kí àwọn ọ̀gá wọlé kí wọ́n rí obìnrin tí a ò mọ̀ rí lára ògiri? Rẹ́ ẹ dáadáa, jàre."

Ó rẹ́ ẹ. Ó fi ọ̀dà funfun lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, oòrùn mú, ó gbẹ, ó tún fi òmíì lé e. Ìyá Àlejò dúró sáàárín pálọ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ayọ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Tí mo bá wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ǹ bá ti jù ú sí kànga.

Ọ̀sán ń pọ́n lọ nígbà tí Bàbá Alaago rìn wá láti òdìkejì títì. Aago ni bàbá yìí ń tún ṣe, ilé tirẹ̀ náà sì ní ìlà pupa lára. Àbí ká má pè é nílé? Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ògiri rẹ̀ ti là, igi kan ti hù láàárín ògiri ọ̀hún, ó ń fi ewé bo fèrèsé. Bàbá Alaago ò gbálẹ̀, kò tún nǹkan kan ṣe, àfi aago àwọn èèyàn, ìyẹn náà lọ́jọ́ tó bá wù ú. Òórùn adìẹ ló gbé e wá.

"Ìyá Àlejò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé yín ń dán tó fi ń dùn mí lójú."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní gbá iwájú ilé yín, táwọn ọ̀gá máa gba ibẹ̀ kọjá? Ẹ gé igi yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ba iwájú ilé jẹ́ fún wa."

"Kí ni mo tún ń gbálẹ̀ fún? Ilé mi á ti wó fúnra ẹ̀ kí kánsù tó dé." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo ọ̀nà ilé ìdáná. "Àbí ẹ ò nílò ẹni tó máa bá yín tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò?"

Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ náà ò sinmi. Wọ́n ní ìyá yìí ti ríbi gbà, wọ́n ní tí èèyàn bá lówó ọ̀dà ni kánsù máa ń tẹ́tí sí i. Ọ̀kan ní òun gbọ́ pé yẹtí tó tà, ti ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Òmíràn ní kò burú, ilé ló fi rà padà. Wọ́n ń jowú rẹ̀ díẹ̀, mi ò lè parọ́.

Ìgbà tó yá ni ọkọ̀ àwọn ọ̀gá dé. Àwọn méjì ni: ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì tó nípọn, àti ọmọbìnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó sì di téèpù ìwọnlé mú. Ọ̀gá Onígíláàsì nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù ń bà á láti tẹ ilẹ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn," Ìyá Àlejò ń wí, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde. "Ẹ jókòó, ẹ fi ara balẹ̀. Oúnjẹ ti délẹ̀."

"Màmá, iṣẹ́ la wá ṣe o."

"Ṣé ebi ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ọ̀gá Onígíláàsì jókòó. Ó jẹ itan, ó jẹ àyà, ó fa eegun ọrùn, ó ní kí Alásè bu ìrẹsì díẹ̀ sí i. Ó yin ọbẹ̀, ó yin bẹ́ẹ̀dì tó rí ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó yin ilẹ̀kùn onírin. Gbogbo bó ṣe ń yìn ín ni orí Ìyá Àlejò ń wú. Ó yíjú sí Alásè, ó ṣẹ́jú sí i: ṣé o rí i?

Ọ̀gá náà nu ọwọ́, ó dìde. "Màmá, a dúpẹ́, a ti yó. Ó yá, ẹ mú wa lọ síbi ilé ọ̀hún."

"Ilé wo?"

"Ilé àlejò àtijọ́ tí ọmọ yín wá sọ fún wa. Ṣé ẹ̀yìn ibí ló wà ni?"

"Ọ̀gá, òun lẹ jókòó sí yìí."

Ọ̀gá Onígíláàsì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìyá náà ń bá òun ṣeré. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó wo ògiri yíká. Ohun tó rí náà ni ohun tí gbogbo wọn rí: funfun báláú.

"Màmá, ẹ má bínú," ọmọbìnrin onítéèpù wí. "Wọ́n sọ fún wa pé ògiri kan wà níbí tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń kọ nǹkan sí. Òun gan-an la tìtorí ẹ̀ wá."

Ojú Ìyá Àlejò là. "Áà, ògiri yẹn! Ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. A ti kùn ún. Ẹ ò lè rí ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ ti... kùn ún?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì," Akunlé dá sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Lórí sìmẹ́ńtì."

Ọmọbìnrin náà jókòó padà. Ọ̀gá Onígíláàsì mú igi tayín, bóyá kó má bàa sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa. Ilẹ̀kùn ń kọ́? Wọ́n ní ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n gbẹ́ orúkọ àti ọdún sí. Ìyẹn nìkan tó wa. Ẹ fi ìyẹn hàn wá."

Akunlé wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá Àlejò wo Alásè. Alásè wo ọ̀nà ilé ìdáná, ibi tí iná ti ń kú lọ.

"Ọ̀gá," ó wí, "òun la fi se adìẹ tẹ́ ẹ jẹ."

Igi tayín dúró lẹ́nu ọ̀gá. Ọwọ́ pálábá gbogbo wọn ségi lójú kan náà. Bàbá Alaago tó ń jẹ eegun lórí bẹ́ǹṣì níta gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìgbà yẹn ló tó wọ Ìyá Àlejò lára. Ó pariwo mọ́ Akunlé pé kó ha á kúrò, kó ha á kúrò kíá! Akunlé sáré mú irin tó fi ń ha ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Àmọ́ ẹ rántí pé akunlé gidi ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́, sìmẹ́ńtì tó bá po kì í ṣí lásán. Ẹ̀pá tó kọ́kọ́ ṣí, ó ṣí pẹ̀lú amọ̀ àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó di eruku. Ó tún ha ibòmíì, eruku. Alásè gbé amọ̀ kan tó tóbi díẹ̀ nílẹ̀, ó yí i padà. Ojú kan péré ni, àti irun díẹ̀ lókè rẹ̀. Ó fọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ó tó," ọ̀gá wí. "Ẹ dá a dúró."

Ìyá Àlejò kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tó fi kí wọn káàbọ̀ kọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ́ lẹ́nu. Ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí, ẹni tó ń fọ nǹkan lójoojúmọ́ ò lè ṣe kó má kà á. Ó sọ ti oníyọ̀. Ó sọ ti odò, ó fi ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí omi dé. Ó sọ ti ọmọ ogun, ó ní kò padà wá, pé ìyàwó rẹ̀ ló wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó sùn mọ́jú lórí àga níwájú ògiri náà, ó lọ láàárọ̀ láìjẹun. Ọmọbìnrin onítéèpù ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ìtàn yín dùn, Màmá," Ọ̀gá Onígíláàsì wí. "Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n òfin ní kó hàn lára ilé, kò ní kó hàn lẹ́nu onílé. Ohun tí mo rí ni mo máa sọ. Mo rí ilé tuntun kan tó mọ́ dáadáa." Ó mí kanlẹ̀. "Ká ní ẹ tiẹ̀ ya ọ̀lẹ díẹ̀ ni, ilé yìí ì bá yè."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin tó jẹ itan tó jẹ àyà!

Wọ́n jáde. Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ rí ilé Bàbá Alaago, ó sì kígbe. "Ọ̀gá! Ẹ wo igi yẹn! Ẹ wo bí amọ̀ ṣe hàn síta!" Wọ́n sáré sọdá títì. Wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri tó là, wọ́n ń ya fọ́tò ìpẹtà, ọ̀gá sì ń sọ pé irú èyí ṣọ̀wọ́n, pé ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án rárá. Òtítọ́ sì ni, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rárá. Wọ́n kan pátákó kan mọ́ ọn pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, kí títì yà fún un.

"Ọ̀gá," Bàbá Alaago bẹ̀rẹ̀, "ilé yìí ò gbó tó bẹ́ẹ̀ o. Èmi ni mo pọnmi tí bàbá mi fi po amọ̀ ẹ̀. Ilé àlejò ọ̀hún ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi gan-an..." Ó wo òdìkejì, ó rí Ìyá Àlejò lẹ́nu ilẹ̀kùn onírin. Ó wo pátákó. Ọ̀gá ní, "Kí lẹ wí, Bàbá?" Bàbá Alaago ní kò sí, òun kàn ń dúpẹ́ ni. Kò tún gbójú sókè wo òdìkejì mọ́.

Títì tó máa yà fún ilé kan, ó ní ibi tó máa yà sí. Kí ilé Bàbá Alaago lè dúró, wọ́n ní gbogbo ilé àlejò ló máa lọ báyìí, àti iwájú, àti ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn pátápátá. Tẹ́lẹ̀, iwájú tí wọ́n fa ìlà sí nìkan ni títì fẹ́ jẹ.

Ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ò tíì ṣẹ́ kọ́nà tí ariwo fi sọ nínú ilé.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kùn ún!" Akunlé ń pariwo. "Mo dúró! Mo wò yín! Ẹ ní kí n rẹ́ ẹ dáadáa!"

"Ta ló wá gé ilẹ̀kùn?" Alásè dá a lóhùn. "Ṣé Màámi ló mú àáké ni?"

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló fi dáná? Inú ẹ ń dùn pé kò rú èéfín!"

"Mo sọ fún yín láàárọ̀!"

"Kí lo sọ? Ọ̀rọ̀ adìẹ nìkan lò ń sọ láàárọ̀!"

Ìyá wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó àwo jọ, ó fọ̀ wọ́n, ó fi aṣọ nù wọ́n, ó tò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló gbá eruku ògiri kúrò nílẹ̀, nítorí kò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ẹnu ẹ̀rọ wá bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní kó rọ́jú, wọ́n ní Ọlọ́run ò sùn, ọ̀kan nínú wọn sì fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì tí Akunlé ti gbé síta, ó bi Alásè lábẹ́lẹ̀ pé èló ni wọ́n máa gbà lórí ẹ̀. Alásè wò ó títí ojú fi tì í.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan gbé katakata dé, ó já a sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì padà. Ẹni tó ń wa katakata náà sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan báyìí ni, eruku bò ó látorí dẹ́sẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí ilé kan ṣoṣo tó jọ ibi tí èèyàn lè sùn. Ó wá kan ilẹ̀kùn onírin.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Màmá. Ṣé yàrá wà?"

Akunlé dìde pẹ̀lú irin tó fi ń ha ògiri lọ́wọ́. "Ṣé ọpọlọ ẹ pé?" Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ kan, ó dá a jókòó padà.

"Ó wà," ó wí. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé omi gbígbóná lẹ fẹ́ fi wẹ̀?"

Alásè fi aṣọ fa ìyá rẹ̀ wọ ilé ìdáná. "Màámi! Òun mà ló máa wó o!"

"Lọ́la ni. Òní, ó fẹ́ wẹ̀." Ó gba ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Gbé bẹ́ẹ̀dì kan wọlé padà. Wo ìsàlẹ̀ ìkòkò bóyá ọbẹ̀ kù."

Ọkùnrin náà wẹ̀, ó jáde, ó jókòó sídìí tábìlì. Ó ní òun ò tíì rí ilé àlejò tó mọ́ báyìí rí níbikíbi tí iṣẹ́ gbé òun lọ. Ìyá Àlejò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, ó bu omi fún un. Ọkùnrin náà ní ilé kan ni wọ́n ní kí òun wá wó nítòsí ibí, ilẹ̀ ló ti ń ṣú tí òun ò fi tíì bèèrè èwo ni, bóyá Màmá mọ̀ ọ́n.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi hàn mí láàárọ̀. Ṣé ẹ máa ń ṣe oúnjẹ àárọ̀?"

"A máa ń ṣe é. Ẹ má tíì gun katakata láìjẹun." Ó fi aṣọ nu ibi tí omi dà sí lórí tábìlì. "Àmọ́ mo bẹ̀ yín o, ọmọ mi. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ jọ̀ọ́, iwájú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí n lè ráyè fọ àwo yín lẹ́yìn."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ìrẹsì wà lẹ́nu rẹ̀, kò jẹ ẹ́, kò sì tu ú.